Ṣé inúnibíni ló ń mú ìjọ gbèrú? Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn àwọn Mennonite wò

ÌBÉÈRÈ ÒǸKÀWÉ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Níbi ìpàdé ọ̀dọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníwàásù tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní inúnibíni ni ajílẹ̀ ìjọ Ọlọ́run. Ó ní ká wo àwọn Mennonite. Ní Etiópíà, ìjọba Kọ́múníìsì ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn pa, wọ́n sì jáde pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Holland, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í yọ wọ́n lẹ́nu, arúgbó díẹ̀ ló kù lórí ìjókòó. Gbogbo wa pariwo àmín. Nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ká máa bẹ Ọlọ́run kí ìjọba wá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìtàn ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Ta tilẹ̀ ni àwọn Mennonite yìí?

* * *

Àbúrò mi, o ṣeun. Kì í ṣe òótọ́. Oníwàásù yín mú ibi tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu nínú ìtàn 500 ọdún, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Nínú ìyókù tó fi sílẹ̀ yẹn ni àwọn ìjọ tí inúnibíni pa run pátápátá wà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn. Ní January 1525, ní ìlú Zurich ní Switzerland, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti ń bá Zwingli, aṣáájú àtúnṣe ìjọ ní ìlú náà, ka Bíbélì pàdé nílé Felix Manz. Conrad Grebel ṣe ìrìbọmi fún George Blaurock, Blaurock náà sì ṣe é fún àwọn tó kù. Ọmọ ọwọ́ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀tá wọn fi ń pè wọ́n ní Anabaptist, àwọn tó ń tún ìrìbọmi ṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé ẹni tí kò tíì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà gbọ́, kò tíì di ọmọ ìjọ. Létí wa lónìí, ọ̀rọ̀ yẹn kò le rárá. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ń ṣe bẹ́ẹ̀, CAC ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka èèyàn mọ́ ìlú. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ó kọ ìlú àti ìjọba rẹ̀. Ní 5 January 1527, àwọn aláṣẹ Zurich di Manz lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sínú odò Limmat.

Orúkọ Mennonite wá láti ara Menno Simons, fàdá Ìjọ Àgùdà kan ní Friesland, ní àríwá Netherlands (Holland tí oníwàásù yín sọ). Ọdún 1536 ló kúrò nínú Ìjọ Àgùdà. Kó tó dìgbà náà, àwọn Anabaptist kan ti fi ohun ìjà gba ìlú Münster ní Jámánì láàárín 1534 sí 1535, ó sì parí sí ìpakúpa. Menno ló kó àwọn tó ṣẹ́kù jọ. Ó kọ́ wọn pé ọmọlẹ́yìn Kristi kì í gbé idà, kì í búra, kì í sì í fi agbára mú ẹnikẹ́ni wọ ìjọ. Ó kú ní 1561.

Wàyí o, ibi tí oníwàásù yín kò dé. Bó bá jẹ́ inúnibíni ló ń mú ìjọ pọ̀, ó yẹ kí Antwerp àti Ghent kún fún Mennonite lónìí. Ìlú méjèèjì wà ní Belgium, ìjọ Anabaptist ibẹ̀ sì lágbára gan-an láàárín 1550 sí 1580. Àwọn aláṣẹ ọba Spéìn dáná sun wọn, wọ́n rì wọ́n sómi. Ní 1597, wọ́n sin obìnrin kan tó ń jẹ́ Anneken van den Hove láàyè ní Brussels. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí wọ́n lè pa mọ́. Àwọn tó ráyè sá ti sá lọ sí àríwá, àwọn tó kù ti padà sí Ìjọ Àgùdà. Ìjọ náà kú níbẹ̀.

* * *

Mo rí i nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ ìdáhùn yìí pé ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé owó ló pa ìjọ Holland. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìtura ló ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹun yó tán, wọ́n gbàgbé Ọlọ́run."

Èrò yìí wọ́pọ̀, ó sì rọrùn láti fi wàásù. Ẹ bá mi wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1575, wọn ò pa Mennonite mọ́ ní àríwá Netherlands. Ní 1577, William ti Orange, olórí àwọn tó ń bá ọba Spéìn jà, sọ fún àwọn aláṣẹ Middelburg pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn Mennonite máa ṣòwò wọn láìjẹ́ pé wọ́n búra. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di oníṣòwò gidi. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣọdẹ ẹja àbùùbùtán, wọ́n ń ta igi gẹdú àti aṣọ. Ní 1608, àwọn ará Amsterdam kọ́ ilé ìjọsìn wọn sẹ́yìn àwọn ilé tó wà létí odò Singel, kó má bàa hàn sí ojú títì. Wọ́n ń jọ́sìn níbẹ̀ títí dòní. Rembrandt ya àwòrán ọ̀kan nínú àwọn oníwàásù wọn, Cornelis Anslo, ní 1641. Oníṣòwò aṣọ ni Anslo, ó lówó dáadáa, òun náà ló sì ń wàásù fún ìjọ.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń lówó yìí, pípọ̀ ni wọ́n ń pọ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1700, iye tí àwọn òpìtàn sábà máa ń fojú bù ni 160,000. Owó ti wà lọ́wọ́ wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí ìdínkù tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n já lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ara wọn ní 1808, nǹkan bí 27,000 ló kù. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọn ò sì lé ẹnikẹ́ni kúrò nílùú.

Owó kò lè dá ṣàlàyé ìyẹn. Nǹkan mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀, ẹ̀kẹta ló sì ká mi lára jù.

Lílé ọmọ ìjọ jáde ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Menno àti àwọn alàgbà ìgbà rẹ̀ gbà pé ìjọ gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ̀, wọ́n á lé e, ará ilé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a jẹun pọ̀. Kódà, ìyàwó kò gbọdọ̀ bá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n lé jáde gbé bíi tọkọtaya. Ní Emden, ìlú kan ní Jámánì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Swaen Rutgers kọ̀ láti sá fún ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn alàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ ará ìjọ mìíràn, lílé ni. Ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ ni pé Mennonite ẹgbẹ́ kejì náà wà lára "ìjọ mìíràn" tí wọ́n ń sọ. Ẹ wá rò ó wò ní abúlé tí ẹbí mẹ́wàá péré wà nínú ìjọ. Ta ni ọmọ yín fẹ́ fẹ́?

Ẹgbẹ́ sì pọ̀. Ní 1566, ìjà lórí yíyan oníwàásù kan ní ìlú Franeker ló fọ́ wọn sí ẹgbẹ́ Friesland àti ẹgbẹ́ Flanders. Kò pẹ́ sí i, ẹgbẹ́ Flanders náà tún fọ́, nítorí pé alàgbà wọn kan ra ilé, àwọn kan sì ní ọ̀nà tó gbà rà á kò mọ́. Ilé kan ṣoṣo o! Àwọn òpìtàn ṣì ń pe àwọn tó gbè sẹ́yìn rẹ̀ ní ẹgbẹ́ àwọn "Onílé-rírà". Ní 1664, Amsterdam náà tún pín sí méjì lórí bóyá ó yẹ kí ìjọ ní ìwé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tó de gbogbo èèyàn. Wọn ò parí rẹ̀ títí di 1801.

Ẹ̀kẹta rèé: wọn ò rí oníwàásù mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ara ọmọ ìjọ ni oníwàásù ti ń wá. Àgbẹ̀ ni, ahunṣọ ni, atukọ̀ ni, wọn ò sì ń san owó oṣù fún un. Alàgbà kan, Leenaert Bouwens, ń rìn káàkiri etí òkun láti 1551 títí tó fi kú ní 1582, ó sì kọ orúkọ gbogbo ìlú tó ti ṣe ìrìbọmi sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é fún lé ní 10,000. Nígbà tó di 1735, ìjọ Amsterdam dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn oníwàásù. Ohun tó dára ni. Àbájáde rẹ̀ ní abúlé ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbẹ̀ tó ń wàásù wé ọ̀mọ̀wé tó ti Amsterdam dé. Àgbẹ̀ náà ò fẹ́ dìde mọ́, ojú ń tì í. Abúlé ò sì lówó tí yóò fi gba ọ̀mọ̀wé. Lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ tó kù bá kú, wọ́n á ti ilé ìjọsìn pa, àwọn tó kù á darapọ̀ mọ́ ìjọ ìlú. Ní 1811, wọ́n dá ẹgbẹ́ gbogboogbò kan sílẹ̀ láti máa kówó jọ fún owó oṣù oníwàásù ní àwọn ìjọ aláìní. Ọ̀pọ̀ abúlé ti kú kí owó náà tó dé.

Mo gbà pé àwọn olówó kan náà fi ìjọ sílẹ̀ nítorí ipò. Títí di 1796, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ Calvin tí ìjọba gbà, kò lè di aláṣẹ ìlú. Ìwọ̀nba làwọn tó lè dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Friesland.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tó ní ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí obìnrin gorí àga ìwàásù ni Ọlọ́run kẹ̀yìn sí wọn ní Holland: ọdún 1911 ni Anne Zernike di oníwàásù ìjọ Mennonite ní abúlé kan ní Friesland. Ìjábọ́ ńlá tí mo sọ ti ṣẹlẹ̀ kí ọdún 1808 tó pé. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọkùnrin ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn di obìnrin yẹn lórí.

* * *

Ẹnì kan tún mú àwọn Amish wá. Ó ní: "Àwọn tí kò gùn mọ́tò, tí kò lo iná NEPA, tí wọn kì í wàásù fún ará ìta, àwọn ló ń pọ̀ jù. Ìyẹn ò ha fi hàn pé òfin líle ló ń dáàbò bo ìjọ?"

Ọmọ ìyá Mennonite ni àwọn Amish. Alàgbà kan tó ń jẹ́ Jakob Ammann ló yapa ní 1693, lórí ọ̀rọ̀ sísá fún ẹni tí wọ́n lé jáde kan náà. Lọ́dún 1900, nǹkan bí 5,000 ni wọ́n ní Amẹ́ríkà. Lónìí, tí a bá ka àwọn ọmọ mọ́ wọn, wọ́n tó nǹkan bí 400,000. Ìdàgbàsókè ńlá ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀.

Ibo ló ti wá? Ọmọ mẹ́fà tàbí méje ló wọ́pọ̀ nínú ilé kan, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ náà ló sì ń gba ìrìbọmi níbẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà. Ní ti òfin líle, ẹgbẹ́ Mennonite ìgbà kan rí náà ní òfin tó le gan-an ní Holland, ó sì fọ́ wọn yángá. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn Amish tí ẹ̀yin kò dárúkọ ni bí wọ́n ṣe ń yan oníwàásù. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Wọ́n á to ìwé orin jọ, ìwé pélébé kan á wà nínú ọ̀kan, ẹni tó bá mú un di oníwàásù títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò ní gba owó oṣù, kò sì ní lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ilé àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n sì ti ń jọ́sìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, gbogbo ọkùnrin tó bá gba ìrìbọmi ti gbà pé kèké lè mú òun. Kò sí ibi tí ẹrù ìjọ wà tó ju orí wọn lọ.

Nípa aṣọ àti mọ́tò, ẹ má jẹ́ ká lo gbogbo ọjọ́ lé e lórí. Àwọn Mennonite kan wà ní Pennsylvania tí wọ́n gba mọ́tò láàyè, wọ́n kàn ń kun irin tó ń dán lára rẹ̀ ní dúdú kó má bàa di ìgbéraga. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó wọ ìjọ tàbí tó jáde nítorí ọ̀dà dúdú.

* * *

Ẹni tó bi mí pé, "Ṣé ìrìbọmi wọn jẹ́ ti rírì sínú odò bíi tiwa?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń da omi sórí ni. Ẹgbẹ́ Mennonite Brethren, tó bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù Rọ́ṣíà ní 1860, ló ń rì í bọ omi. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kàn báyìí, nítorí pé ìtàn Rọ́ṣíà ló bi ìwàásù yẹn wó jù.

Láti nǹkan bí 1540, àwọn Mennonite tó sá kúrò ní Netherlands ti ń gbé lágbègbè Danzig, ní ibi tí odò Vistula ti ń wọ òkun, ilẹ̀ Póláńdì òde òní. Ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ náà, àwọn ni wọ́n gbẹ omi rẹ̀ tó fi di oko. Nígbà tí ọba Prussia, ìjọba Jámánì kan nígbà náà, gba ibẹ̀, ó dí wọn lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀ sí i, nítorí pé wọn kì í ṣe sójà. Catherine, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, wá pè wọ́n. Ó ṣèlérí ilẹ̀, ilé ìwé tiwọn, àti pé wọn ò ní wọṣẹ́ ológun. Wọ́n dá ìletò Chortitza sílẹ̀ ní 1789, Molotschna ní 1804, méjèèjì ní Ukraine òde òní. Ní àwọn ọdún 1870, nígbà tí ìjọba Rọ́ṣíà fẹ́ gba ìlérí náà padà, nǹkan bí 18,000 kó lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn tó dúró ṣì tó nǹkan bí 100,000 nígbà tó di 1914, wọ́n sì ní oko, ilé iṣẹ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ìyípadà ìjọba dé. Àwọn ọmọ ogun Makhno, olórí ogun kan ní Ukraine, pa àwọn ọkùnrin abúlé nípakúpa, ìyàn mú, àjàkálẹ̀ àrùn sì ń pa èèyàn. Nǹkan bí 20,000 rí ọ̀nà dé Kánádà láàárín 1923 sí 1930. Fún àwọn tó kù, Stalin ti gbogbo ilé ìjọsìn pa. Wọ́n kó àwọn oníwàásù lọ sí ìgbèkùn ní Síbéríà, ọ̀pọ̀ ni kò padà. Ní 1943, nǹkan bí 35,000 tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun Jámánì tó ń sá padà sí ìwọ̀ oòrùn. Nǹkan bí 12,000 ló bọ́, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kó àwọn tó kù padà. Ní 1945, gbogbo ìjọ tó wà létí odò Vistula, tó ti pé 400 ọdún, túká láàárín oṣù díẹ̀. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rí i? Inúnibíni kò mú Chortitza pọ̀, ó pa á ni. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ìgbàgbọ́ wọn ní Síbéríà àti Kazakhstan, ọwọ́ àwọn obìnrin ló wà. Ọkùnrin ti tán nínú àwọn abúlé náà. Ìyá àgbà ló ń kọrin ní kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́, òun ló ń gbàdúrà lẹ́bàá òkú, òun ló ń kọ́ ọmọ ní ẹsẹ Bíbélì látorí, nítorí pé kò sí Bíbélì nílé. Nígbà tí ara tù wọ́n díẹ̀ lẹ́yìn ikú Stalin ní 1953, ìjọ tún hù níbẹ̀, láti ọwọ́ àwọn ìyá yẹn.

* * *

Etiópíà wá kàn. Mo mọ̀ pé òun ni ẹ ń dúró dè.

Ìrànlọ́wọ́ ìṣègùn ni àwọn Mennonite Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn ní ìlú Nazareth, tó ń jẹ́ Adama báyìí. Ìjọ tó ti ibẹ̀ jáde ń jẹ́ Meserete Kristos, ìyẹn Kristi ni ìpìlẹ̀. Ó bá 1 Kọ́ríńtì 3:11 mu, ẹsẹ tí Menno Simons fi ṣáájú àwọn ìwé rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìjọ náà lọ́ra láti pọ̀. Nǹkan yí padà ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Nazareth bẹ̀rẹ̀ àdúrà tiwọn, tí ìsọjí sì dé. Àwọn òyìnbó kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù tilẹ̀ ba àwọn kan nínú wọn.

Ní January 1982, ìjọba Derg, ìyẹn ìjọba ológun Kọ́múníìsì ìgbà náà, ti ìjọ náà pa. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba owó tó wà ní báńkì, wọ́n ju àwọn aṣáájú kan sẹ́wọ̀n fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin láìgbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Nǹkan bí 5,000 ni ọmọ ìjọ nígbà náà. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, èèyàn márùn-ún sí méje nínú ilé kan. Ẹgbẹ́ tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ á tún pín, kí àwọn ọlọ́pàá inú má bàa fura. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń darí wọn jẹ́ obìnrin, nítorí pé ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ obìnrin tó ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Nígbà tí ìjọba Derg wó ní 1991, nǹkan bí 34,000 ló jáde. Lónìí, àwọn tó ti gba ìrìbọmi níbẹ̀ lé ní 300,000. Kò sí ìjọ Mennonite orílẹ̀-èdè kankan tó pọ̀ tó o.

Nítorí náà, oníwàásù yín kò purọ́ lórí iye. Ohun tí kò sọ ni pé ìjọba Stalin àti ìjọba Derg ṣe ohun kan náà. Ní Ukraine, àwọn alàgbà ni ìjọ gbé gbogbo nǹkan lé lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì kó alàgbà lọ, ìjọ kò ní ẹsẹ̀ mọ́, àfi ibi tí àwọn ìyá ti gbé e. Ní Etiópíà, àwọn ọmọ ìjọ lásán ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún kí ìjọba tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ìwàásù àwọn àgbẹ̀ Friesland.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ sọ pé ká má sanwó fún pásítọ̀ mọ́ nìyẹn?"

Rárá o. Pásítọ̀ ní ọmọ, ó ń san owó ilé. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí owó oṣù rẹ̀ má di ìdí tí àwa fi máa ká ọwọ́ gbera. Mo rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìjọ kan wà ládùúgbò wa tó kún dáadáa, pásítọ̀ wọn ló ń wàásù, òun ló ń bẹ aláìsàn wò, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé, òun ló ń parí ìjà tọkọtaya. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ẹlòmíì kò sì tètè dé. Kí ọdún tó yí po, àwọn èèyàn ti fọ́n ká. Ọlọ́pàá kò dé ibẹ̀, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan sọ pé Mennonite Amẹ́ríkà náà ń dínkù, kì í sì í ṣe nítorí oníwàásù. Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá méjì parapọ̀ di Mennonite Church USA ní 2002, wọ́n lé ní 100,000. Àríyànjiyàn lórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin fọ́ wọn, àgbègbè Lancaster, tó tóbi jù nínú wọn, pinnu ní 2015 láti jáde, wọn ò sì tó 70,000 mọ́. Èmi fi ìyẹn sí abẹ́ ìyapa, pẹ̀lú ilé tí wọ́n rà ní Franeker. Àìsàn tó ti wà lára wọn láti 1566 ni.

* * *

Ẹni tó ní òun kò gbọ́ orúkọ wọn rí ní Nàìjíríà, ẹ wo ọ̀nà Uyo. Ní 1958, àwọn ìjọ tó dá dúró lágbègbè náà, tí ọmọ onílẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra wọn, kọ lẹ́tà sí àwọn Mennonite ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wá gba àwọn. Ìwàásù wọn lórí rédíò ni wọ́n gbọ́. Báyìí ni ìjọ Mennonite Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀, kí òyìnbó tó dé. Edwin Weaver àti ìyàwó rẹ̀ Irene dé ní 1959. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé ìjọ pọ̀ lọ súà ní Uyo, wọ́n sì ń bá ara wọn jà. Weaver rí i pé dídá ìjọ mìíràn sílẹ̀ kò ní tún ohunkóhun ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aṣáájú ìjọ ìbílẹ̀ jọ láti jókòó pọ̀, kí wọ́n ka Bíbélì, kí wọ́n sì mọ ara wọn. Ogun Bìáfúrà ní 1967 ló lé wọn kúrò.

Mo ka ohun tó ṣe yẹn sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí òyìnbó ajíhìnrere kan ṣe ní ilẹ̀ wa. Àwọn Mennonite tún gba irú ọ̀nà yẹn ní Cotonou lẹ́yìn náà, wọ́n ń bá oríṣiríṣi ìjọ Bẹ̀nẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ Bíbélì, dípò kí wọ́n gbé àkọlé tiwọn sókè.

* * *

Àbúrò tó béèrè tún padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Kí ni kí n lọ sọ níbi ìpàdé wa?"

Má lọ bá oníwàásù yẹn jiyàn lójú gbogbo èèyàn, àgbà ni. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì yín pa lọ́la, ta ló lè kó èèyàn mẹ́fà jọ sínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday? Ta ló lè ṣàlàyé orí kan nínú Bíbélì láìsí ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi? Ta ló lè sìnkú? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí orúkọ náà kò bá pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ máa gba ìwàásù ṣe, kí àwọn obìnrin sì wà nínú wọn.

Ohun kan ṣì wà tó ń gbé mi lọ́kàn nípa Etiópíà. Ní 1994, ìjọ Meserete Kristos dá ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀, ó wà ní Bishoftu báyìí. Wọ́n nílò rẹ̀ gidigidi, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wọlé lọ́dọọdún, àwọn tí yóò kọ́ wọn kò sì tó. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni Amsterdam dá sílẹ̀ ní 1735. Bí àwọn tó jáde ní Bishoftu bá ń kọ́ àwọn ìyá tó ń darí ìpàdé inú ilé, wọ́n á tún pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá wá gba ipò lọ́wọ́ àwọn ìyá náà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá wọn gbé, tàbí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ báyìí, jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.